Ẹ Ní Kí Wàsíù Má Ta Òfì Bàbá Wa

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àárò ọmọ. Èmi Kàmọ́rù, àkọ́bí yín, dọ̀bálẹ̀ kí yín láti orí òkè tí mo wà yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ibí tutù débi pé tí mo bá fi àyà lé e lóòótọ́, ikọ́ ni yóò gbé mi dìde. Mo kí Bàbá Lémọ́mù àdúgbò wa, ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀sìn. Mo kí Ìyá Ràmọ́tù tí ẹ jọ ń lo àdògán kan. Mo kí ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi inú agbolé tí ẹ ti wà nídìí òfì láti òwúrọ̀, ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yìn kò ní dùn yín. Mo kí Wàsíù àbúrò mi pẹ̀lú, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé tí wọ́n bá ka lẹ́tà yìí dé ìdajì, ó lè má fẹ́ jẹ́ kíkí mi mọ́.

Mo mọ̀ pé yóò yà yín lẹ́nu pé inú ìwé ìròyìn ni ẹ ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ yín. Ẹ forí jì mí. Wàsíù ló ń ka gbogbo ohun tí mo bá kọ ránṣẹ́ sí yín, bí mo bá sì pè, òun ló ń di fóònù mú sí yín létí. Èyí tó bá wù ú nínú ọ̀rọ̀ mi ló ń kà. Ṣáájú ààwẹ̀ tó kọjá, mo kọ ọ́ sí i pé ó ti rẹ̀ mí, pé kó sọ fún yín pé nǹkan kò rí bí mo ṣe ń wí. Nígbà tí mo pè lọ́jọ́ kejì, ẹ̀yin ń ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run bá mi sọ ṣọ́ọ̀bù mi di ńlá. Mo ní àmín.

Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìbàdàn pé kó bá mi tẹ lẹ́tà yìí síta. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i ní Ìsẹ́yìn, tó sì mọ Ìyá Kàmọ́rù tó ń ta òwú, ẹ dákun, ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ kà á fún wọn láti òkè dé ilẹ̀. Ẹ má fo ibì kankan, pàápàá ibi tí ojú bá ti ń tì mí.

Màámi, mo gbọ́ pé Wàsíù fẹ́ ta òfì Bàbá. Ìbátan wa kan ló pè mí, mi ò ní dárúkọ rẹ̀ kí ìjà má baà wà nílé. Ó ní Wàsíù ti rí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ tí àgọ́ òfì wà, pé ẹni náà fẹ́ kọ́ ilé tí wọ́n ti ń ṣe omi inú ọ̀rá síbẹ̀. Ó ní wọ́n ti ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá kí àwọn fi igi òfì náà dáná. Owó ilẹ̀ yìí ni yóò fi tẹ̀lé mi wá síbí, ìwé ìrìnnà rẹ̀ ti jáde. Ìka tí ẹ máa tẹ̀ sí ìwé títa ilẹ̀ náà nìkan ni wọ́n ń dúró dè, torí ẹ̀yin ni Bàbá fún ní ilẹ̀ náà kí wọ́n tó kú. Wọ́n ní Wàsíù ń sọ káàkiri pé Ẹ̀gbọ́n òun ti ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní ilẹ̀ Perú, pé òun ń lọ bá a dúró nídìí ọjà.

Màámi, mi ò ní ṣọ́ọ̀bù.

Fọ́tò tí Wàsíù fi han gbogbo agbolé, èyí tí mo ti ká ọwọ́ mọ́ àyà níwájú ṣọ́ọ̀bù, tí aṣọ aláràbarà so kọ́ lẹ́yìn mi, ọjọ́ Àìkú kan ni mo yà á. Àwọn tó ni ṣọ́ọ̀bù ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi torí èmi ni mo ń gbá ibẹ̀. Mo ṣí i, mo so aṣọ kọ́, mo mú èwù olówó ńlá kan tó wà fún títà wọ̀, mo bẹ ẹnì kan tó ń kọjá lọ pé kó yà mí, mo sì yára bọ́ èwù náà padà síbi tí mo ti mú un. Ohun tí mo rò ni pé kí ọkàn yín balẹ̀, kí ẹ lè máa sùn. Mi ò mọ̀ pé Wàsíù yóò tìtorí ẹ̀ palẹ̀ ẹrù mọ́.

Ẹ ò mọ ọ̀nà tí mo gbà débí, torí mi ò sọ ọ́ rí. Brazil ni mo kọ́kọ́ dé, ẹ rántí. Mo ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń pa adìẹ, inú òtútù ẹ̀rọ la máa ń dúró sí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, títí iṣẹ́ náà fi tán. Ọmọ Ṣakí kan tí a jọ ń gbé ló ní ká máa lọ sí òkè, pé ọ̀nà Amẹ́ríkà ni. A wọ bọ́ọ̀sì fún ọjọ́ mẹ́rin. Nítòsí ibodè Perú, àwọn ọkùnrin kan tí a kò mọ̀ rí tú àpò wa, wọ́n kó ohun tó wù wọ́n, wọ́n fi bùbá àti fóònù sílẹ̀ fún mi. Nígbà tí a fi máa gun òkè dé ìlú kékeré yìí, orí ń fọ́ mi, ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní imú mi, mo ń mí bí ẹni tó sáré láti Ìsẹ́yìn dé Ìlerò. Wọ́n ní òkè ló ga jù, pé afẹ́fẹ́ kò tó fún ẹni tí wọn kò bí síbẹ̀. Ọmọ Ṣakí dúró tì mí fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta ó ní òun ò lè dúró mọ́, àwọn tí yóò mú òun kọjá ti ń lọ. Mi ò bínú sí i. Láti ọjọ́ náà, ó ti di ọdún kẹta, mi ò gbúròó rẹ̀ mọ́, nọ́ńbà rẹ̀ kò sì lọ. Ẹni tó bá ń ka lẹ́tà yìí, jọ̀wọ́ dúró díẹ̀ níbí, bí Wàsíù bá wà nítòsí, kí o wo ojú rẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ ògiri ọjà ni mo jókòó sí nígbà tí ìyá àgbà kan rí mi. Màmá Tomása ni wọ́n ń pè wọ́n. Ahunṣọ ni wọ́n, àwọn ni àgbà nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù tí mo sọ yẹn. Màmá fún mi ní omi ewé gbígbóná mu, wọ́n sì mú mi lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó irun àgùntàn pamọ́ sí. Ibẹ̀ náà ni mo ń sùn dòní. Gbogbo ara mi ń rùn bí àgbò. Iṣẹ́ mi ni kí n gbá ṣọ́ọ̀bù, kí n gbé ẹrù irun àgùntàn láti ẹ̀bá títì gun àtẹ̀gùn òkúta dé òkè, kí n sì pọn omi tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́. Oúnjẹ wà, ọ̀dùnkún òyìnbó ni, òní ọ̀dùnkún, ọ̀la ọ̀dùnkún. Owó tí wọ́n ń fún mi kò pọ̀, torí wọn kò ní in. Èyí tí mo fi ń ránṣẹ́ sí yín nígbà mìíràn, mo ń yọ ọ́ nínú oúnjẹ mi ni.

Òtútù ibí kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ wa. Ọyẹ́ á là wá ní ètè, á sì lọ. Tibí ò mọ̀ pé ó yẹ kí òun lọ. Lọ́sàn-án, oòrùn á máa jó awọ ojú ẹni. Bó bá ti wọ̀ báyìí, omi inú garawa á bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Omi yẹn ni mo fi ń ṣe àlùwàlá ní Àsùbáà. Kí Ọlọ́run forí jì mí, ọjọ́ mìíràn wà tí mo máa ń wo garawa, tí garawa náà máa ń wò mí, tí mo sì máa ń fi iyẹ̀pẹ̀ ṣe tàyámọ́mù bí ẹni tó wà láṣálẹ̀. Kò sí mọ́sálásí, kò sí Jímọ̀. Fóònù ló ń sọ fún mi pé oṣù ti lé. Lọ́jọ́ Iléyá, mo wẹ̀, mo wọ bùbá mi, mo kírun lẹ́yìn yàrá, mo wá ń wá ẹni tí mo lè kí kú ọdún. Nígbà tí mi ò rí ẹnì kankan, mo kí àwọn àgùntàn. Wọ́n ń jẹ koríko wọn lọ, wọn ò mọ ohun tí ojú wọn ì bá rí lọ́jọ́ náà ká ní Ìsẹ́yìn ni wọ́n wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ aṣọ fún yín wàyí, torí ẹ̀yin tí ẹ ń ta òwú ni yóò yé. Aṣọ tí gbogbo obìnrin ibí ń dà bo èjìká, líkíyà ni wọ́n ń pè é. Ìborùn ni, ó jọ ìpèlé, àmọ́ ìpèlé tiwa, ọjọ́ òde ni ẹ ń yọ ọ́ nínú àpótí. Tiwọn ń lọ òde, ó sì ń lọ oko. Òun ni wọ́n fi ń pọn ọmọ, òun ni wọ́n fi ń di ọ̀dùnkún sẹ́yìn láti oko, òun náà ni wọ́n ń dà bora bí òtútù bá dé, wọ́n á wá fi abẹ́rẹ́ gbọọrọ kan tí orí rẹ̀ fẹ̀ bíi ṣíbí gún un pọ̀ níwájú àyà. Bí obìnrin kan bá ń bọ̀ lókèèrè, wọ́n á wo iṣẹ́ ara aṣọ rẹ̀, wọ́n á sì sọ abúlé tó ti wá. Àwọ̀ pupa wọn máa ń pọ́n gidi. Kòkòrò kékeré kan tó ń gbé ara igi ẹlẹ́gùn-ún ni wọ́n ń lọ̀ fún un. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i tí wọ́n ń rẹ òwú sínú ìkòkò, mo rántí etù tí Bàbá máa ń hun, tí ọwọ́ yín máa ń dúdú fún aró títí dé ìgúnpá. Mo sunkún díẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo ní èéfín ni.

Àwọn obìnrin ló ń hun ún, wọ́n sì ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ hun ún. Òfì wọn kò ní ìtẹsẹ̀ bíi tiwa. Wọ́n á so òkè òwú mọ́ igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, wọ́n á so ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ ìbàdí ara wọn. Bí wọ́n bá fara sẹ́yìn òwú á le, bí wọ́n bá tẹ̀ síwájú á dẹ̀. Ìlàjì méjì ni wọ́n ń hun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á sì rán an pọ̀ láàárín, bí àwa náà ṣe ń rán ìlà òfì pọ̀. Ìgbà tí mo rí ìyẹn ni orí mi wú. Mo ní iṣẹ́ ilé bàbá mi náà ni, kí ló tún kù tí ẹnì kan fẹ́ kọ́ mi? Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe, Màámi.

Màmá Tomása ní ọmọ-ọmọ obìnrin kan tó ń jẹ́ Ẹlísà. Ó fẹ́ lọ sí ilé ọkọ, màmá sì ń hun líkíyà tí yóò dà bo èjìká lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ìlàjì kìn-ín-ní ti parí. Èkejì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ó ku ìwọ̀n ìka mẹ́rin péré. Àmọ́ ìka mẹ́rin yẹn kò tán. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, màmá ń fi abẹ́rẹ́ ti òwú kọjá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Mo ń wò wọ́n, ara ń ni mí. Nílé wa, tí aṣọ bá ti gùn tó bó ṣe yẹ, ṣebí abẹ la máa ń mú gé e kúrò lórí òfì? Òwú tó bá ṣẹ́kù létí, a so ó ní kókó kókó, ó di wajawaja etí ìpèlé, ó parí. Mo rò pé àgbà ló dé sí màmá, pé ọwọ́ wọn ni kò lágbára mọ́.

Lọ́jọ́ kan wọ́n lọ wa ọ̀dùnkún lóko. Mo mú abẹ. Mo gé aṣọ náà kúrò lórí igi, mo jókòó tì í, mo ń súfèé, mo so etí rẹ̀ ní kókó kókó bí Bàbá ṣe kọ́ wa. Ó dọ́gba, ó wù mí. Mo yà á ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí Wàsíù, mo ní iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn. Màámi, ẹ gbọ́ ohun tí Wàsíù fi dá mi lóhùn. Ó bi mí pé kí ló dé tí etí kan fi ní wajawaja tí ìkejì kò ní. Ó ní ó jọ pé àwọn tó hun ún fẹ́ kó dí ní etí méjèèjì. Èmi tí mo ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ náà fún oṣù mélòó kan, mi ò rí i. Òun tó wà ní Ìsẹ́yìn rí i lórí fóònù tí gíláàsì rẹ̀ ti fọ́.

Nígbà tí màmá dé, wọ́n gbé aṣọ náà lọ́wọ́, wọ́n fi ìka tọ ibi tí mo gé lọ, wọ́n tún tọ ọ́ bọ̀. Wọ́n jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ẹrù ọ̀dùnkún lẹ́yìn wọn, wọn ò tilẹ̀ tú u. Ẹlísà ló ṣàlàyé fún mi nígbà tó sunkún tán. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, wọn kì í gé aṣọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti ta òwú sórí igi òfì ni wọ́n ti ń pèsè fún etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òwú tó bá dé etí á yí padà sínú aṣọ, ẹyọ kan kò ní já síta. Ìka mẹ́rin tó ń falẹ̀ yẹn gan-an ló fi hàn pé ẹni tó hun ún mọṣẹ́, torí ibẹ̀ ló ṣòro jù, wọn kì í sì í kánjú níbẹ̀. Ó ní èyí tí mo gé yìí kì í ṣe líkíyà mọ́, kò sí obìnrin tó lè dà á bora lọ síbi ayẹyẹ. Ó ní màmá sọ pé ó rí lára àwọn bí ìgbà tí wọ́n gé ọmọ àwọn níka.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìgbéyàwó. Líkíyà tí Ẹlísà yá lọ́wọ́ aládùúgbò ló dà bora. Mo wà níbẹ̀, èmi ni mo ń gbé àga. Mi ò lè wo èjìká rẹ̀.

Mo kó gbogbo owó tí mo ní, mo dọ̀bálẹ̀ fún màmá, wọ́n tì í padà sí mi. Wọ́n wọlé, wọ́n mú ìrànwú kan jáde pẹ̀lú ìdì irun àgùntàn, wọ́n kó o lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n ran òwú tó tó ti aṣọ tí mo gé. Màámi, ẹ lè rẹ́rìn-ín, mo fún yín láyè. Èmi tí mo máa ń fi Ìyá Àgbà ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà ayé wọn pé ta ló tún ń ran òwú nígbà tí òwú ẹ̀rọ kún ìsọ̀ yín, èmi ni mo ń rìn kiri ìlú pẹ̀lú ìrànwú lọ́wọ́. Níbí, kì í ṣe nǹkan ìtìjú, tọkùnrin tobìnrin ló ń ran án bí wọ́n ti ń rìn lọ. Ohun ìtìjú ni bí tèmi ṣe rí. Ibì kan á nípọn bí okùn ewúrẹ́, ibì kan á tín-ín-rín, á já. Bí mo bá kó o dé, màmá á fà á láàárín ìka méjì, èyí tó bá já wọ́n á jù ú padà fún mi. Oṣù kẹsàn-án rèé. Wọn ò lé mi lọ, wọn ò sì tíì sọ pé ó tó.

Ó rẹ̀ mí. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí kí ẹ lè gbọ́ ọ láti ẹnu ẹlòmíì tí kò ní fò ó. Ó rẹ̀ mí lẹ́sẹ̀, ó rẹ̀ mí lọ́kàn, ó rẹ̀ mí láti máa rẹ́rìn-ín sí fóònù. Nígbà mìíràn màá fi odindi ọ̀sẹ̀ kan gbé láìsọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan, àfi kí n máa bá òwú wí.

Lọ́jọ́ kan tí a jọ jókòó síbi oòrùn, màmá bi mí pé ta ló ń hunṣọ ní ilé bàbá mi. Mo ní àbúrò mi ni. Wọ́n bi mí bóyá ó mọ̀ ọ́n. Mo ní ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Wọ́n tún bi mí pé kí wá ni èmi ń wá níbí. Mo mú ìrànwú mi, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í ran òwú.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mò ń sọ pé òfì ń sọni dolówó. Màmá Tomása tí gbogbo ènìyàn ń yìn, bàtà wọn ti lu. Mo mọ ohun tí ojú Wàsíù ń rí. Òwú ti wọ́n, àwọn oníbàárà ń gba aṣọ láì tíì sanwó, aṣọ ẹ̀rọ ti dé tó jọ tiwa, tí ẹni tí kò mọ̀ kò ní dá a mọ̀. Bó bá wù ú kó fi òfì sílẹ̀, kó lọ kọ́ṣẹ́ mìíràn n'Íbàdàn, tàbí kó lọ dáko iṣu ní Ìgbòho lọ́dọ̀ àwọn ẹbí yín, mi ò ní bá a jà. Ohun tó bá fẹ́ fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe ni kó ṣe. Ṣùgbọ́n kó má torí ṣọ́ọ̀bù tí kò sí níbì kankan ta ibi tó ń jókòó sí.

Wàsíù, mo mọ̀ pé bí wọ́n ti ń ka èyí fún Màámi, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lo wà tí ò ń tẹ́tí. Wọlé, jókòó. Mi ò bínú pé ò ń fo ọ̀rọ̀ mi, èmi ni mo kọ́ ọ, torí mo ti kọ́kọ́ fo púpọ̀ kí n tó fi ránṣẹ́ sí ọ. Mo rántí ọjọ́ tí Bàbá gbé ọ̀kọ̀ òwú tí a fi ń hunṣọ lé ọ lọ́wọ́, tí o kéré débi pé ẹsẹ̀ rẹ kò dé ìtẹsẹ̀, tí wọ́n fi pákó kún un fún ọ. Èmi ti ń hun fún ọdún méjì nígbà náà, síbẹ̀ aṣọ tìrẹ dọ́gba ju tèmi lọ. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni Bàbá ti mọ èyí tó máa jogún wọn nínú wa, èmi náà sì mọ̀. Ọ̀kan lára ohun tó gbé mi kúrò nílé nìyẹn, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Má wá wá mi síbí. Kò sí ohun tí mo lè fi hàn ọ́ ju ìgbálẹ̀ lọ.

Màámi, ẹ má tẹ ìka sí ìwé náà. Bí wọ́n bá gbé e wá lónìí, ẹ ní kí wọ́n gbé e padà lọ. Bí Wàsíù bá bínú, ẹ jẹ́ kó bínú sí èmi, mo jìnnà, kò lè rí mi lù. Bí màmá bá ti ní òwú mi tó, màá wá ọ̀nà àtibọ̀ wálé. Mi ò ní mú nǹkan kan bọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ ti mọ̀ ọ́n báyìí, kí ẹ má baà máa wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹrù ń bọ̀.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí yín sí fún wa. Yóò fún yín ní àlàáfíà, orúnkún tó ń dùn yín yóò fúyẹ́, òwú yín yóò tà. Ẹ bá mi kí gbogbo agbolé lọ́kọ̀ọ̀kan, tọmọdé tàgbà, ẹ bá mi lọ síbi tí Bàbá wà, kí ẹ ṣàdúrà fún wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ka lẹ́tà yìí fún ìyá mi, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ̀yin náà fojú sunkún ọmọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Bí lẹ́tà yìí bá pẹ́ kó tó dé, tí Wàsíù sì ti lọ, ẹ má jókòó sunkún. Ẹ wá ẹni tó máa bá yín pè mí kíákíá, kí ẹ sọ ọjọ́ tó kúrò nílé fún mi. Màá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ibodè. Gbogbo bọ́ọ̀sì tó ń ti Brazil bọ̀ ló ń dúró níbẹ̀. Màá máa wo ojú gbogbo ẹni tó bá ń bọ́ sílẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi kan tirẹ̀, kò báà gbà mí lọ́dún kan. Ọmọkùnrin méjì péré lẹ bí. Ọ̀kan ti sọnù sọ́nà, òun ló ń kọ̀wé yìí. Mi ò ní jẹ́ kí ìkejì sọnù.

Èmi ni ọmọ yín,
Kàmọ́rù